Mo Ní Kó Kún: Bí Mo Ṣe Gbé Mọ́tò Oníná Lọ sí Oǹdó

Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn, mo ti dé o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé bi àbúrò mi léèrè bóyá lóòótọ́ ni wọ́n fi okùn fa mọ́tò mi wọ Àkúrẹ́. Wọn kò fi okùn fa nǹkan kan. Ó dá wọ̀lú fúnra rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bó ṣe wọ̀lú gùn díẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó bá mi sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Kí n tó gbéra, ọ̀pọ̀ yín ló dá mi dúró lójú títì tí ẹ ń béèrè pé, “Tíṣà, báwo ni nǹkan yìí ṣe ń yára gba iná sí?” Mo sì ń dá yín lóhùn bí ọ̀gá. Èmi tí mo kọ́ àwọn ọmọ yín ní físíìsì títí irun orí mi fi funfun, kí ni iná fẹ́ ṣe tó máa jẹ́ tuntun lójú mi? Ẹ gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ nígbà náà. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ni kí ẹ mú.

Ohun tó gbé mi kúrò nílé

Ìyá Tolú ló gbé mi kúrò nílé. Ará Oǹdó ni, tíṣà Bíbélì tó ti fẹ̀yìn tì, ọkọ rẹ̀ sì ti kú bí ìyàwó tèmi náà ṣe kú. Ní Àkúrẹ́ la ti pàdé, níbi tí wọ́n kó àwa tíṣà jọ sí láti máàkì ìwé ìdánwò. Nígbà tí gbogbo wa ń sáré kí tiwa lè tètè tán, òun a máa ka ìwé ọmọ tó ti fìdí rẹmi láti òkè dé ilẹ̀, á máa wá máàkì kan ṣoṣo tó lè bá a mú jáde níbẹ̀. Mo wò ó títí, mo ní obìnrin tó bá lè ní irú sùúrù yìí fún olódo, á lè bá mi gbé.

Ọdún méjì la fi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan, Bàbá Púrínsípà, tó ti fi ìgbà kan jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, òun sì ni olórí ẹbí wọn. Bó bá ti ní kí n wá kí ẹ̀gbọ́n òun, màá ní kí n kun ilé mi tán ná. Nígbà tí mo kun ilé tán, mo ní kí n tún òrùlé ṣe. Nígbà tí òrùlé parí, àga pálọ̀ kò wá dùn ún wò mọ́.

Ó wá pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Bàbá Láídé, lọ́sàn-án Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n ń gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Èkó, ọ̀dọ̀ ọmọ wọn lókè òkun ni wọ́n ń lọ. A ò mọ ìgbà tí wọ́n máa padà. Bí ẹ ò bá bá wọn kí wọ́n tó kúrò nílé, ẹ máa bá tiyín lọ, kí n máa bá tèmi lọ.” Kò pariwo, kò sì bínú. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn gan-an ló já mi láyà, nítorí mo fẹ́ràn obìnrin yìí, mi ò sì fẹ́ kí ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Bọ́ọ̀sì wà o. Ẹni tó bá mọ ohun tó ń ṣe á wọ bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n àbúrò mi tó ń ta mọ́tò ní Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ta mọ́tò oníná kan fún mi ni, ó sì ti wọ̀ mí lórí. Mo fẹ́ kí Bàbá Púrínsípà jókòó sí fàráńdà wọn, kí wọ́n rí nǹkan dídán kan tó ń yọ́ bọ̀ láìpariwo, kí wọ́n sì ní, “Ta nìyí?” Nítorí ìbéèrè kan yìí ni mo ṣe fojú rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ rò fún yín yìí.

Ìpógun

Kí n tó dé Iléṣà, mọ́tò náà ṣèlérí fún mi lórí gíláàsì ńlá tó ń kọ nọ́ńbà níwájú awakọ̀ pé òun á gbé mi dé Àkúrẹ́, iná á sì tún ṣẹ́ kù. Mo gbà á gbọ́. Àwọn òkè tó wà lọ́nà yẹn kò gbọ́ ìlérí náà. Bí mo ṣe ń gùn ún ni iná ń fò lọ, nígbà tí mo sì fi máa wọ Ìpógun, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, gíláàsì ti pọ́n wẹ̀ẹ̀, ó ń bẹ̀ mí pé kí n dúró.

Iwájú ìyá kan tó ń ta ẹja inú yìnyín ni mo dúró sí. Ọgbọ́n mi ni pé níbi tí fíríìsà bá wà, sọ́kẹ́ẹ̀tì ò ní jìnnà. Ìyá Káyọ̀dé ni wọ́n ń pe ìyá náà. Ó jáde wá, ó yí mọ́tò po.

“Ṣé omi ló fẹ́ mu ni?”

“Rárá mà. Iná ló fẹ́.”

“Uná? Uná ulé mi yìí?” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí mú. “Ẹ gbé e wọlé, jàre. Bí mọ́tò bá ń jẹ uná, ẹni tó gbé e wá á jẹ uyán.”

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn lọ́hùn-ún. Lọ́dọ̀ wa, omi la kọ́kọ́ ń fún àlejò, a ó wá fọgbọ́n béèrè ọmọ ẹni tó jẹ́. Àwọn a gbé iṣu ka iná ná. Mo jẹun tán kí ẹnikẹ́ni tó bi mí ní orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ nípa iná ilé, nítorí òun ló kéré jù nínú àwọn iná tí mọ́tò ń gbà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi ń lọ aṣọ yẹn náà ni. Ó dáa fún ẹni tó fẹ́ sùn di ọ̀la. Ẹni tó ń lọ síbi kan kò gbọdọ̀ gbójú lé e. Tèmi tilẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀, nítorí iná Ìpógun ọjọ́ náà kò lágbára tó. Mo ki wáyà bọ̀ ọ́, iná ara mọ́tò ṣẹ́jú, ó kú.

Ìyá Káyọ̀dé bọ́ síta, ó pariwo sí àdúgbò pé àlejò òun wà nínú wàhálà, kí oníkálukú paná. Wọ́n pa á o! Fíríìsà kú, áyọ́ọ̀nù télọ̀ kú, ẹ̀rọ alọta dákẹ́. Bábà náà dákẹ́ iṣẹ́, ọkùnrin tó ń gẹrun fún sì jáde wá wò wá pẹ̀lú orí tí wọ́n gẹ̀ dé ìdajì. Mo tún ki wáyà bọ̀ ọ́, iná sì wọlé. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé àga síta, wọ́n jókòó sínú ooru, wọ́n ń wo mọ́tò bó ṣe ń jẹun.

Bàbá àgbàlagbà kan wá bi mí léèrè lẹ́yìn tí a ti jókòó pẹ́ pé, “Gbogbo uná àdúgbò ló ti wọ inú rẹ̀ yìí, kò tíì yó?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní físíìsì. Mo ní kì í ṣe gbogbo iná tí wọ́n pa ló ń lọ sínú mọ́tò. Iná tí wọ́n pa ló jẹ́ kí tèmi lágbára tó láti wọlé. Ṣùgbọ́n bó ti wọlé tán, ìwọ̀nba tí sọ́kẹ́ẹ̀tì lè gbé ló ń gbé, bí gbogbo ìpínlẹ̀ tilẹ̀ paná, kò lè yára ju báyìí lọ.

Bàbá náà ronú sí i. “A jẹ́ pé èyí tó kù, a kàn ń làágùn lásán ni.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: ẹnì kan kò dìde lọ tan iná rẹ̀ padà. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìrànlọ́wọ́, ojú á sì ti wọn láti fi àlejò sílẹ̀ sáàárín. Ọkùnrin olórí àbọ̀ náà ní kí n má ṣèyọnu, ẹ̀gbẹ́ kejì lè dúró. Títí mo fi kúrò níbẹ̀ ni wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wọn, wọ́n sì ń kí mi kú ìjókòó. Inú mi dùn sí wọn, ojú sì ń tì mí. Ohun tí mo rí gbà kàn tó gbé mi dé Àkúrẹ́ ni.

Àkúrẹ́

Ilé ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì ni mo sùn sí. Mo ki wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí n tó sùn, mo sì sùn bí ẹni tó gbọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo gbọ́ pé iná kò wá láti ìrọ̀lẹ́. Sátidé sì ti dé.

Wọ́n júwe ibì kan fún mi ní Alágbàká, níbi tí ẹ̀rọ ńlá tó ń fún mọ́tò ní iná wà. Bí mo ṣe débẹ̀, ọkùnrin kan ti wà níwájú mi. Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè ni orúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó gbé àga láti inú bùútù rẹ̀ síbi ibòji, ó gbé fúláàsì oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó na ẹsẹ̀, ó ń ka ìwé ìròyìn.

“Ẹ kú ìdúró o, ẹ̀gbọ́n,” ló wí. “Ṣé ẹ mú àga wá?”

Mo ní rárá.

“Ẹ̀ẹ́n. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á nìyẹn,” ló sọ fún ara rẹ̀, ó sì padà sídìí ìwé ìròyìn.

Nígbà tó kàn mí, mo rí nọ́ńbà tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ẹ̀rọ náà, inú mi dùn. Iná yìí á fi ìlọ́po púpọ̀ yára ju ti Ìyá Káyọ̀dé lọ. Ṣùgbọ́n mọ́tò mi kò gba tó ìdajì ohun tí ẹ̀rọ náà ní òun lè gbé jáde. Mo ti fẹ́ bá ẹ̀rọ jà kí n tó rántí pé mọ́tò ló ń sọ ìwọ̀n tí òun lè gbà. Abọ́ ńlá ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló kéré. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ má kàn máa wo nọ́ńbà ara ẹ̀rọ. Ẹ béèrè bí ẹnu mọ́tò yín ṣe tó.

Kò pẹ́ sígbà náà ni iná lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Èmi tí mo ra mọ́tò oníná kí n lè bọ́ lọ́wọ́ epo àti èéfín, mo dúró síbẹ̀, èéfín dísù ń fẹ́ sí mi lójú, dísù ń di iná, iná ń wọ mọ́tò. Mo wúkọ́, mo sì dúpẹ́.

Síbẹ̀, ó ń yára. Nọ́ńbà ń gòkè lójú mi bí ọmọ tó ń ka owó Kérésìmesì. Mo pe Ìyá Tolú, mo ní mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbéra. Ó ní, “Ẹ tètè máa bọ̀ o. Ẹ̀gbọ́n mi ti wẹ̀, wọ́n ti wọṣọ.”

Nígbà tó di ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ìwà rẹ̀ yí padà. Nọ́ńbà tó ń sáré bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ẹ ti da epo pupa sínú ìgò rí: ẹ ó kọ́kọ́ dà á gììrì, ṣùgbọ́n bó bá ti ń dé ọrùn, ẹ ó rọra máa dà á díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà ya dànù. Bí bátìrì náà ṣe ń ṣe nìyẹn, kí ó má baà ba ara rẹ̀ jẹ́ ni. Èyí tó kù lókè yẹn lè pẹ́ tó gbogbo èyí tó ti wọlé tẹ́lẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè, tó ti ṣe tirẹ̀ tán ṣùgbọ́n tí kò tíì fẹ́ kúrò nínú ibòji, bojú wo gíláàsì mi. “Ẹ̀gbọ́n, ó ti tó o. Ibo lẹ̀ ń lọ?”

“Oǹdó.”

“Oǹdó tó wà níbí yìí? Ohun tó wà níbẹ̀ yẹn á gbé yín lọ, á gbé yín bọ̀, ẹ ó sì tún fi yà kí ìyá ìyàwó.”

“Mo ní kó kún.”

Ẹ̀rù Ìpógun wà lára mi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ bí a ṣe ń ṣe ní Ìsẹ́yìn. Ta ló ń gbé apẹ̀rẹ̀ àbọ̀ lọ sílé àna? Bí ó bá jẹ́ iṣu, yóò pé. Bí ó bá jẹ́ oyin, ìgò yóò kún dé ọrùn. Ṣé èmi ni màá wá gbé mọ́tò tí kò kún lọ síwájú Bàbá Púrínsípà? Bí wọ́n bá wo inú rẹ̀ ńkọ́?

Fóònù dún. “Bàbá Láídé, mọ́tò tó máa gbé wọn ti dé.”

“Mo ń bọ̀.”

Ó tún dún. “Dẹ́rẹ́bà ní òun ò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lójú ọ̀nà. Ibo lẹ dé?”

“Mo ṣì wà ní Àkúrẹ́. Ó ku díẹ̀ kó kún ni.”

Ohùn rẹ̀ pẹ̀lẹ́ bíi ti ọjọ́sí. “Ọdún méjì lẹ ti ń kún, Bàbá Láídé.” Ó pa fóònù.

Mo fa wáyà yọ. Ó ku ẹyọ kan kó pé ọgọ́rùn-ún.

Oǹdó

Ọ̀gbẹ́ni Ajíbóyè kò purọ́, Oǹdó kò jìnnà. Bí ènìyàn bá sì ń sunkún díẹ̀díẹ̀ lọ́nà, kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé òun ti dé.

Àga kan wà ní fàráńdà ilé náà, kò sẹ́ni tó jókòó sórí rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé jáde, wọ́n kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n gbé omi wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè Oǹdó láàárín ara wọn, kíá kíá. Yorùbá ni èmi, Yorùbá ni àwọn, síbẹ̀ mo dúró síbẹ̀ bí òyìnbó, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé èmi gan-an ni wọ́n ń bú. Ọ̀kan ṣoṣo tí mo gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀ ni “Ìsẹ́yìn.”

Ìyá Tolú jáde. Ó ti múra, àpò ọwọ́ rẹ̀ wà lábíyá.

“Ẹ má jókòó. Wọ́n ti lọ,” ló wí. Ó wo mọ́tò náà láti òkè dé ilẹ̀ bó ṣe máa ń wo ìwé olódo. “Ṣé ó ti wá kún?”

“Ó ku ẹyọ kan.”

Mo rò pé ó máa lé mi. Ó kàn ṣílẹ̀kùn iwájú ni, ó wọlé. “Kò sí mọ́tò Èkó tó ń kọjá Ọ̀rẹ̀ láìdúró jẹun. Ẹ wà á.”

Mo wà á. Ó pe fóònù dẹ́rẹ́bà títí, kò gbé e. Ó wá fi fóònù sápò, ó ń fi ẹnu wọ́ orin ìjọ Áńgílíkà kan tí èmi Onítẹ̀bọmi kò mọ̀, kò sì wojú mi. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mo ń rò ó pé bí a ò bá bá wọn, màá gbé obìnrin yìí padà sílé rẹ̀, á kí mi kú àbọ̀ dáadáa, kò sì ní pè mí mọ́ láé.

Ọ̀rẹ̀

A bá wọn. Nínú ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kan tó kún fún èrò ọ̀nà ni wọ́n wà, Bàbá Púrínsípà jókòó sídìí tábìlì, agbádá funfun, ìrẹsì níwájú wọn. Mi ò dúró ro ohunkóhun. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì níbẹ̀, àwọn tó ń ta ìpékeré sì ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti dé,” ni Ìyá Tolú wí.

Bàbá gbé ojú sókè. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi ni wọ́n ń wò, níbi tí òpó kan wà. “Ó ti dé? Ibo ló wà?”

Mi ò tètè mọ ohun tí mò ń rí. Ìyá Tolú ló mú ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó fà á wálẹ̀, tó gbé e lé mi lórí. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé wọn kò ríran mọ́. Nítorí ojú wọn ni wọ́n ṣe ń lọ sókè òkun. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Tolú sọ fún mi pé nínú ẹbí wọn, wọn kì í ròyìn àìsàn fún ẹni tí kò tíì di ara ilé.

“Ẹ sọ̀rọ̀,” ni Bàbá wí. “Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ yín.”

Mo ti ní ọ̀rọ̀ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti mọ bí màá ṣe ṣílẹ̀kùn, bí màá ṣe tan gíláàsì ńlá náà, àti ohun tí màá sọ nípa bátìrì. Kò sí ìkankan tó wúlò níbẹ̀.

Mo ní, “Ẹ kú ọ̀nà, sà. Mo fẹ́ràn àbúrò yín. Mo pẹ́ jù, mo sì mọ̀ pé mo pẹ́ jù. Ẹ jọ̀ọ́, sà.”

Ọwọ́ wọn kúrò lórí mi, ó wá sí iwájú orí, ó wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó ti tutù fún omijé. Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀.

“Ẹ dìde,” ni wọ́n wí. “Àbúrò mi, bu oúnjẹ fún ọkọ rẹ.”

Ìyá Tolú fi àpò ọwọ́ rẹ̀ bo ojú, ó bú sẹ́kún láàárín èrò. Mo dìde, mo jókòó ti Bàbá. Wọ́n wá ṣíbí wọn lórí tábìlì, mo fi sí wọn lọ́wọ́, a sì jẹun. Nígbà tó yá, wọ́n dá oúnjẹ dúró.

“Mi ò gbọ́ kí mọ́tò kankan dúró kí ẹ tó wọlé,” ni wọ́n wí. “Irú mọ́tò wo lẹ gbé wá?”

Ìyá Tolú gbé ojú sókè, ó ń wò mí. Mo wo ìta láti ojú fèrèsé, níbi tí ó ti ń dán nínú oòrùn, tí kò sẹ́ni tó ń wò ó.

“Mọ́tò lásán ni, sà,” ni mo dáhùn.